François Huber, Afọ́jú tí ó Mọ Ilé Oyin

François Huber ni orúkọ ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ìlú Geneva, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Switzerland lónìí, ni a ti bí i ní ọdún 1750. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà púpọ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, asán ni ó já sí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fọ́jú pátápátá.

Ọmọbìnrin kan wà tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Marie-Aimée Lullin ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Marie kọ̀, kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Marie kò yí ọkàn padà. Ó dúró títí ó fi pé ọmọ ọdún 25, nígbà tí òfin ìlú wọn gbà á láàyè láti fẹ́ ẹni tí ó wù ú, ó sì fẹ́ Huber. Marie ni ó ń kàwé fún ọkọ rẹ̀, òun náà ni ó ń bá a kọ̀wé.

Huber ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ń jẹ́ François Burnens. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní làákàyè, ó sì ní sùúrù. Huber a máa bi í ní ìbéèrè nípa oyin. Burnens a lọ wò ó, a sì wá sọ ohun tí ó rí. Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ Huber lọ́rùn, Burnens yóò tún padà lọ wò ó.

Ní ayé ìgbà náà, koríko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Yúróòpù fi ń hun ilé oyin bí agbọ̀n. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Huber wá ṣe ilé oyin onígi kan. Afárá kọ̀ọ̀kan wà nínú férémù tirẹ̀, a sì so àwọn férémù náà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó fi jẹ́ pé a lè ṣí wọn bí ìgbà tí a ń ṣí ìwé.

Nígbà kan, Huber fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kan lára òṣìṣẹ́ oyin máa ń yé ẹyin. Burnens mú oyin inú ilé méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọjọ́ 11 ni ó fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí oyin bá ti ta rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni èyí.

Àwọn ènìyàn rò pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin ń kó sí ẹsẹ̀ ni ó fi ń ṣe ìda. Huber ti àwọn oyin kan mọ́lé, oyin lílá àti omi nìkan ni ó fún wọn. Síbẹ̀, wọ́n mọ afárá. Ó yọ afárá náà kúrò, wọ́n tún mọ òmíràn. Ó wá fún àwọn mìíràn ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti èso nìkan, àwọn yẹn kò sì ṣe ìda rárá. Báyìí ni ó ṣe hàn pé láti inú oyin tí wọ́n ń lá ni ìda ti ń wá, tí ó sì ń yọ jáde lábẹ́ ikùn wọn. Ó tún rí i pé ojú ọ̀run ni ìyá oyin ti ń pàdé akọ oyin, kì í ṣe inú ilé, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ìyẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ilé wọn.

Ní ọdún 1792, Huber tẹ ìwé kan jáde nípa oyin. Kò fi iṣẹ́ Burnens pamọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Nígbà tí Burnens padà sí ìlú rẹ̀, Marie àti Pierre ọmọ wọn di ojú fún un. Ìwé náà tún jáde ní ọdún 1814, pẹ̀lú àfikún. Pierre fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé nípa èèrà ní ọdún 1810.

Huber kú ní ìlú Lausanne ní ọdún 1831. Ẹni ọdún 81 ni. Ní Amẹ́ríkà, pásítọ̀ kan tí ń jẹ́ Langstroth ka ìwé rẹ̀, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lára ilé oyin rẹ̀. Ní ọdún 1851, òun náà rí ọgbọ́n àpótí tí a lè yọ férémù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìba afárá jẹ́. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin oyin ń lò títí di òní.