OÚNJẸ ÀÁRỌ̀ FÚN ỌKÀN: ÌGBÉSÍ AYÉ GEORGE MÜLLER

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 1:1-6

Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 81:10 (Ẹ kà á sókè láti inú Bíbélì yín.)

Ní ọdún 1825, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní yunifásítì Halle ní ilẹ̀ Jámánì, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ìwé tó ní lọ́wọ́ tó bí 300, ṣùgbọ́n kò sí Bíbélì kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ̀yin ará, ẹ tún un gbọ́ o: ẹni tó fẹ́ di àlùfáà ni, kò sì ní Bíbélì! Orúkọ rẹ̀ ni George Müller. Ọkùnrin yìí kan náà ni a gbọ́ pé ó ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní nǹkan bí igba ìgbà kó tó kú. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1805 ni wọ́n bí i, ní ilẹ̀ Prussia, èyí tó wà lára Jámánì òde òní. Agbowó-orí ìjọba ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni Müller ti ń jí nínú owó ìjọba tí bàbá rẹ̀ ń tọ́jú. Lóru ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún 14 ni, ó wà níbi tó ti ń ta káàdì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé àìsàn ń ṣe ìyá òun. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó lọ gbé nílé ìtura láìní owó tí yóò san. Wọ́n mú un, ó sì wà lẹ́wọ̀n fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá rẹ̀ tó wá san gbèsè rẹ̀. Bàbá yìí kan náà ló fẹ́ kó di àlùfáà, kì í ṣe nítorí ọkàn àwọn ènìyàn, bí kò ṣe kó lè rí iṣẹ́ tí yóò máa fún un ní oúnjẹ gidi àti ilé tó dára.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1825, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ìpàdé àdúrà ní ilé oníṣòwò kan. Kò sí oníwàásù ńlá níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Prussia nígbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Ìwé Mímọ́ níbi ìpàdé bí àlùfáà kò bá sí níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n kọrin, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kayser kúnlẹ̀ ó gbàdúrà, wọ́n ka orí kan nínú Bíbélì, wọ́n sì ka ìwàásù kan láti inú ìwé. Ó tán. Kayser yìí ló padà wá di míṣọ́nnárì ní Áfíríkà. Müller kò tíì rí ẹni tó kúnlẹ̀ gbàdúrà báyìí rí, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì ṣe é rí. Ìpàdé tí a kàn ti ka ìwé yìí ni Ọlọ́run lò láti yí i padà. Nígbà tó ń lọ sílé, ayọ̀ tí káàdì àti ọtí kò fún un rí ti kún ọkàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tètè lágbára. Ìdí rẹ̀ ni pé fún bí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ìwé tí àwọn ènìyàn kọ ló ń kà jù, Bíbélì kò sì rí àyè. Ọdún 1829 ló kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá ní alẹ́ kan, ó fi Ìwé Mímọ́ síwájú, ó ń kà á, ó ń gbàdúrà lórí rẹ̀, ó ń ronú sí i. Ohun tó rí kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ náà ju èyí tó ti kọ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Láti ọjọ́ náà, Bíbélì di oúnjẹ rẹ̀.

Ọdún 1830 ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Mary Groves. Ní ọdún yẹn kan náà, ó fi owó oṣù tí ìjọ ń san fún un sílẹ̀, ó pinnu pé Ọlọ́run nìkan ni òun yóò máa sọ àìní òun fún. Ọdún 1832 ni wọ́n kó lọ sí ìlú Bristol. Ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn ló ń jìyà ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1835, ọmọkùnrin tiwọn fúnra wọn, Elijah, kú ní kékeré. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ọkùnrin yìí nígbà tí Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹlòmíràn.

Báwo ni Ọlọ́run ṣe bá a sọ̀rọ̀? Nípa ìwé kíkà ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1835, ó lọ jẹun nílé arábìnrin kan nínú Olúwa, ó sì rí ìwé ìtàn ayé August Hermann Francke níbẹ̀. Francke yìí ti kọ́ ilé ńlá fún àwọn ọmọ òrukàn ní ìlú Halle, ní èyí tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú. Ìtàn náà ru ìfẹ́ kan tó ti pẹ́ nínú Müller sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, bó ti ń ka Bíbélì rẹ̀, ó kan Orin Dáfídì 81:10, níbi tí Ọlọ́run ti pè wá láti la ẹnu gbòòrò kí Òun lè bọ́ wa ní àbọ́yó. Ẹsẹ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ ilé, ó tọrọ pọ́n-ùn 1,000, ó sì tọrọ àwọn ènìyàn tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ náà. Ilé dé, àwọn òṣìṣẹ́ dé, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé ní ọdún 1837.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1836, Müller jókòó láti gba orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé náà. Ó jókòó fún wákàtí méjì, ẹnì kan ṣoṣo kò yọjú! Nígbà tó ń lọ sílé, ó rántí pé òun ti gbàdúrà fún gbogbo nǹkan, àfi fún àwọn ọmọ fúnra wọn. Ó ti rò pé àwọn yẹn kò ní wọ́n. Ó padà sórí eékún rẹ̀, ní ọjọ́ kejì ni ẹni àkọ́kọ́ dé, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ mìíràn fi tẹ̀lé e. Ilé náà ṣí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1836 ní òpópónà Wilson.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Láti ọdún 1838, àwọn àkókò kan wà tí kò sí owó oúnjẹ ọjọ́ kejì nílẹ̀ rárá, àwọn ọmọ sì ń dúró. Kò jẹ gbèsè, kò sì lọ tọrọ lọ́dọ̀ olówó. Nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí àṣírí kan ní ọdún 1841, èyí tó yí òwúrọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi kú.

Ṣáájú ìgbà náà, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé bó bá ti jí tó sì múra tán, àdúrà ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n Müller jẹ́wọ́ pé nígbà púpọ̀, òun máa ń wà lórí eékún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí wákàtí kan pàápàá, tí ọkàn òun á máa rìn kiri, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní tòótọ́. Ó wá rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun ní láti ṣe lóòjọ́ ni kí ọkàn òun yọ̀ nínú Olúwa, àti pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni oúnjẹ tí ọkàn ń jẹ tó fi ń yọ̀. Ó yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìwé Mímọ́ síwájú, ó ń lọ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti wá ìwàásù, bí kò ṣe láti wá oúnjẹ tirẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, ẹsẹ kan á ti mú un jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, òmíràn á mú un dúpẹ́, òmíràn á mú un bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àdúrà ń jáde láti inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn. Nígbà tí èmi wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ń ka Bíbélì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nítorí ìdánwò àti ìwàásù ni. Mò ń se oúnjẹ fún àwọn ènìyàn, èmi fúnra mi ń fi ebi sùn. Ìgbà tí mo ka ìtàn Müller ni mo mọ àìsàn tó ń ṣe mí.

Ẹ wo bí oúnjẹ yìí ṣe wúlò lọ́jọ́ ìṣòro. Ní ìparí ọdún 1857, ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná mú ilé móoru bẹ̀rẹ̀ sí í jò, nínú ilé tí 300 ọmọ wà. Bíríkì bò ó yí ká, ó di dandan láti pa iná kí wọ́n tó lè rí ibi tó ń jò. Wọ́n dá ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ni afẹ́fẹ́ àríwá tó tutù nini bá dé. Müller tọrọ ohun méjì: kí Ọlọ́run yí afẹ́fẹ́ sí ti gúúsù, kí Ó sì fi ìfẹ́ iṣẹ́ sínú àwọn òṣìṣẹ́. Níbo ló ti rí àdúrà kejì yẹn? Nehemáyà 4:6 ló rántí, bí àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù ṣe fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, afẹ́fẹ́ náà kò tíì yí. Òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè, ti gúúsù ló ń fẹ́, kò sí ẹni tó nílò iná. Ní alẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ní àwọn á ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹni tí kò bá ka Nehemáyà tẹ́lẹ̀ kò ní rí i rántí ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá jò.

Ní oṣù Kejì ọdún 1870, àìsàn mú Mary. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ọkọ rẹ̀ kà fún un gbẹ̀yìn ni Orin Dáfídì 84:11, pé Ọlọ́run kì í fi ohun rere du àwọn tó ń rìn déédéé. Mary kú. Müller kò ní kí Ọlọ́run wá ṣàlàyé. Ó gba ẹsẹ náà gbọ́ bó ti wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì wàásù níbi ìsìnkú aya tó bá a gbé fún ohun tó ju ọdún 39 lọ. Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí àdúrà yín kò rí ìdáhùn bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: Bíbélì kíkà kò sọ pé ẹkún kò ní dé. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹkún kò ní bá wa nínú òfo.

Ní ọdún 1870 yìí náà, ilé márùn-ún ti dúró ní Ashley Down ní Bristol, tó lè gba ọmọ tó lé ní 2,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ òrukàn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lé ní 10,000. Láti ọdún 1875, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ 70 ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn àjò ìhìn rere káàkiri ayé títí di ọdún 1892. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1898, ó wà níbi ìpàdé àdúrà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló sùn nínú Olúwa, ní ọmọ ọdún 92.

Ẹ̀yin ará, a lè má kọ́ ilé ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ń bẹ níwájú wa, owó ilé ń bẹ, àìsàn ń bẹ, iṣẹ́ tí a ń wá ń bẹ. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ dì mú bí a bá ti jí, ìròyìn búburú sì ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọkàn wa ń jẹ. Ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ yín yìí pàápàá kò lè rọ́pò Bíbélì; atọ́nà lásán ni.

Ohun ṣíṣe: Lọ́la, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ ka ẹsẹ márùn-ún péré. Ẹ bi ara yín pé, kí ni mo lè fi dúpẹ́ níbí? Kí ni mo ní láti jẹ́wọ́? Ta ni mo lè gbàdúrà fún? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, bí Müller ti ń ṣe, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí ìdáhùn bá dé.

Àdúrà:
1. Bàbá, mo dúpẹ́ fún Bíbélì tó wà lọ́wọ́ mi ní èdè tí mo gbọ́.
2. Olúwa, dárí jì mí fún gbogbo òwúrọ̀ tí mo ti fi ebi pa ọkàn mi.
3. Bàbá, fún mi ní ìfẹ́ ọ̀rọ̀ Rẹ lákọ̀tun, kí n sì rí oúnjẹ nínú rẹ̀ lónìí.
4. Olúwa, rántí gbogbo ọmọ òrukàn àti opó tó wà ní àárín wa, kí O sì lò mí fún wọn.
5. Ní orúkọ Jésù ni mo gbàdúrà. Àmín.