Ìgbésí-Ayé Dókítà Africanus Horton, Ọmọ Sàró tí Ìjọba Rán Lọ Kọ́ Ìṣègùn

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ribiribi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Dókítà James Africanus Beale Horton kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Oníṣègùn ni, òṣìṣẹ́ ogun ni, òǹkọ̀wé ni, oníṣòwò sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì tí a fi yàn án fún ojú-ìwé yìí ni pé ìtàn rẹ̀ kọ́ wa bí ìrànlọ́wọ́ ìjọba lórí ọ̀ràn ìlera ti lè so èso rere, àti bí a ti lè gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ kí èso rẹ̀ tó di púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilẹ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti wá síhìn-ín.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1835 ni a bí Horton ní abúlé Gloucester, lórí òkè tí kò jìnnà sí Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró. Ọmọ Ìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a ti kó lẹ́rú, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì kó wọn gúnlẹ̀ sí Freetown. Ní àkókò náà, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ṣù jọ sí ìlú náà. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, Akú ni a sì ń pè wọ́n nítorí bí wọ́n ti ń kí ara wọn. Àwọn Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn Haúsá àti àwọn ará Kóńgò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn ni a ti já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyà kan náà, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ayé ní ọ̀tun. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá Horton ń ṣe láti fi bọ́ ilé rẹ̀.

Kò sí ohun tí a lè fojú rí nígbà náà tí ó fi hàn pé ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí yóò di ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n míṣọ́nnárì kan wà nínú ìjọ C.M.S. tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Beale. Ọkùnrin yìí kíyèsí i pé ọmọ náà ní làákàyè, ó sì ṣe ọ̀nà bí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School tí ìjọ náà dá sílẹ̀ ní Freetown ní 1845. Horton kò gbàgbé oore yìí títí ọjọ́ ayé rẹ̀, orúkọ Beale wà láàárín orúkọ tirẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1853 ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, tí a ti dá sílẹ̀ láti 1827. Ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ti iṣẹ́ àlùfáà ni ó ń kọ́ níbẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí ó lo ayé rẹ̀ lórí pẹpẹ ìwàásù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà ni pé iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe àkóso ọ̀ràn ogun ní ìṣòro kan. Àwọn ọmọ-ogun àti àwọn dókítà òyìnbó tí a ń rán wá sí etíkun wa ń kú bí ewé. Ibà a máa pa wọ́n, ìgbẹ́ ọ̀rìn a máa pa wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi sọ ilẹ̀ wa ní ibojì aláwọ̀ funfun. Ìjọba wá rò ó pé ó sàn kí a kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní ìṣègùn, kí wọ́n lè máa tọ́jú àwọn ọmọ-ogun ní ilẹ̀ tí ara wọn ti mọ́. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn alákòóso C.M.S. pé kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ, ìjọba yóò sì san owó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé kì í ṣe àánú nìkan ni ó bí ìrànlọ́wọ́ yìí. Ìjọba ń wá ire ara rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ wa jẹ nínú rẹ̀.

Mẹ́ta ni àwọn tí a yàn ní 1855. Èkíní ni Horton. Èkejì ni William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ẹ̀kẹta ni Samuel Campbell. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní King's College. Ó dunni pé àìsàn mú Campbell, ó ní láti padà sílé, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Àwọn méjì yòókù kò sọ̀rètí nù. Ní 1858 Horton gba ìwé-ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn èyí ó kọjá sí yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1859. Davies gba oyè tirẹ̀ ní yunifásítì St. Andrews.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a rántí nípa ìgbà tí Horton wà ní Edinburgh. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó fi ṣe kókó ìwé tí ó kọ láti gba oyè: ó kọ ọ́ lórí bí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ti rí àti bí wọ́n ti ń ṣe sí ìlera àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Èkejì ni pé níbẹ̀ ni ó ti sọ ara rẹ̀ ní Africanus, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé lè mọ̀ pé ọmọ Áfríkà ni òun. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtìjú ni kí a máa fi dúdú ara ẹni hàn, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ní 1859 náà ni ìjọba fi í ṣe dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, a sì rán an lọ sí Gold Coast, tí ó di Gánà lẹ́yìn òmìnira. Nǹkan bí ogún ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ yìí. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó ọmọ-ogun ní Gold Coast, ó ṣiṣẹ́ ní Gáḿbíà pẹ̀lú, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ogun Àṣàńtì ti 1873 sí 1874. Àwọn ìgbà kan wà tí a fi í ṣe olórí àkóso àgbègbè.

Ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ náà ṣe ní ìrọ̀rùn. Kò pẹ́ tí ó dé tí àwọn kan nínú àwọn dókítà òyìnbó tí ó bá níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọn kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú bá wọn jókòó ní ipò kan náà. Wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó kò ní gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ́jú àwọn. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Horton kò fi ìjà dáhùn. Iṣẹ́ ni ó fi dáhùn.

Ibikíbi tí a bá rán an lọ ni ó ti ń ṣe ìwádìí. Ó ń wọn bí ooru ti pọ̀ tó, ó ń wọn bí òjò ti rọ̀ tó, ó ń wo irú ilẹ̀ àti irú omi tí àwọn ará ìlú ń mu, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ irú àrùn tí ó ń ṣe wọ́n ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú gbogbo èyí ni ó ti rí ohun tí ó fi kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1867 lórí ojú-ọjọ́ etíkun wa àti ìlera. Ní 1868 ó tẹ ìwé jáde lórí àrùn sòbìà, èyí tí ó ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìgbà iṣẹ́. Ní 1874 ó tún tẹ òmíràn jáde lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru àti bí a ti ń wò wọ́n.

Kò yẹ kí a sọ pé gbogbo ohun tí ó kọ ni ó tọ̀nà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ìgbà rẹ̀, ó gbàgbọ́ pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú àbàtà ni ó ń fa ibà. Ní 1897, nígbà tí Horton ti kú fún ọdún mẹ́rìnlá, ni dókítà Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí Horton gba àwọn alákòóso kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà: kí a la ojú àgbàrá, kí a gbẹ́ omi àbàtà kúrò nítòsí ilé, kí ìlú sì mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé ẹ̀fọn jìnnà, ì báà má mọ̀ pé ẹ̀fọn ni òun ń lé.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn yìí. Ní 1861, nígbà tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, Horton kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí ó rán an lọ sí ẹ̀kọ́. Ó dámọ̀ràn pé kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kékeré kan sílẹ̀ ní Sierra Leone, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kí a tó rán wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti parí rẹ̀. Ó ti rí i pé bí a bá ń rán ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ìrànlọ́wọ́ náà kò ní kárí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lè sọ ọ́ di ohun tí yóò máa wà títí. Ìjọba béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn ní etíkun. Àwọn tí kò fẹ́ Horton gan-an ni a béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kí a ṣe irú Horton púpọ̀ sí i. Èsì wọn kò ṣòro láti mọ̀. A pa ìmọ̀ràn náà tì, ìjọba kò sì rán ẹlòmíràn lọ mọ́ lábẹ́ ètò tí ó mú Horton àti Davies jáde.

Nígbà tí Horton rí i pé a ti ti ìlẹ̀kùn yìí, ó yíjú sí ọ̀ràn tí ó gbòòrò jù ú lọ. Ní 1865 ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé kí ìjọba múra láti fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ etíkun wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Horton gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ní 1868 ó tẹ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde, lórí àwọn orílẹ̀ àti àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Nínú rẹ̀ ó fi ìmọ̀ ìṣègùn bi àwọn tí ń sọ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò pé ṣubú. Ó kọ nípa Gáḿbíà, Sierra Leone, ilẹ̀ Fantí, Accra, Èkó, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìgbò, ó sì ṣàlàyé irú ìjọba tí ó yẹ olúkúlùkù. Ó fẹ́ kí a sọ Fourah Bay di yunifásítì fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ní 1876 a so kọ́lẹ́ẹ̀jì náà mọ́ yunifásítì Durham, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì lè gba oyè láìlọ sí òkè-òkun. Horton wà láàyè láti fojú rí èyí.

Ní 1880 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ pẹ̀lú ipò gíga, ó sì padà sí Freetown. Ó dáwọ́ lé òwò ìwakùsà wúrà ní Gold Coast, ó sì dá báńkì kan sílẹ̀ ní Freetown ní 1883 láti máa yá àwọn oníṣòwò lówó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1883 náà ni ó kú, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ nǹkan kò sunwọ̀n kíákíá. Ní 1902, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà pọ̀, a ṣe é ní òfin pé ẹni tí kì í ṣe òyìnbó kò lè wọ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ-ọmọ Horton kì bá tí rí ipò tí Horton fúnra rẹ̀ ti dì mú ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Dakar ní 1918. Ní Nàìjíríà, ti Yaba bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ti Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní 1948. Ní Sierra Leone gan-an, níbi tí Horton ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún un, 1988 ni a tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádóje ni ó kọjá láàárín ìwé tí ó kọ àti ọjọ́ náà. Ta ni ó lè ka iye ìyá àti iye ọmọ tí kì bá tí kú láàárín àkókò yẹn?

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ìrànlọ́wọ́ ìjọba dára. Owó tí a ná lórí Horton àti Davies kò ṣòfò rárá. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí ẹlòmíràn di ìdí rẹ̀ mú lè já nígbàkígbà tí ó bá wù ú, àfi bí a bá sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀. Oògùn tí a fún wa yóò tán, dókítà tí a kọ́ yóò kọ́ ẹlòmíràn.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìpín tiwa nínú ìtàn yìí. Kí ìjọba tó mọ̀ pé Horton wà láyé, olùkọ́ kan ti rí ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní abúlé orí òkè, ó sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tí a bá padà sí ìlú wa, ẹ jẹ́ kí a máa wo ojú àwọn ọmọ tí ó jókòó síwájú wa dáradára. A kò mọ èyí tí yóò jẹ́ Horton nínú wọn.