Stanley Rous: Ó Tún Òfin Bọ́ọ̀lù Kọ, Àmọ́ Áfíríkà Kò Gbàgbé

Ọdún 1895 ni wọ́n bí Stanley Rous ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ni, rẹfirí sì ni pẹ̀lú. Láti 1934 títí di 1962 ni ó fi jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló tún òfin bọ́ọ̀lù tò ní 1938, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà.

Kí ó tó fi ipò náà sílẹ̀ ni ó ti di ààrẹ FIFA ní 1961. Ibẹ̀ ni àbùkù ti wọ̀ ọ́. FIFA ti dá Gúúsù Áfíríkà dúró nítorí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ṣùgbọ́n Rous lọ síbẹ̀ ní 1963, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìjìyà náà. Àwọn aṣojú Áfíríkà àti Éṣíà ló jà tí wọ́n fi dá ìjìyà náà padà ní 1964. Ní 1974, ìbò Áfíríkà wà lára ohun tí ó gbé João Havelange borí rẹ̀. Ó kú ní 1986.

Bí a bá fẹ́ ṣòdodo, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Àmọ́ ẹni tí ó to òfin kan ṣoṣo fún ikọ̀ méjèèjì, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan náà ló tọ́ sí dúdú àti funfun.