George Price: Ta ni onímọ̀ tó fi ìṣirò wá ìdí tí ẹ̀dá fi ń ṣàánú ara wọn?

Lọ́dún 1968, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan rìn wọ University College London láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ìṣirò kan ló gbé lọ hàn wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un ní ọ́fíìsì.

George Price lorúkọ rẹ̀.

Ta ni Price?

Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní fásitì Chicago, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àdó olóró átọ́míìkì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Lọ́dún 1966, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí jẹjẹrẹ tó mú un lọ́rùn. Owó adójútòfò tó gbà ló fi kó lọ sí London lọ́dún 1967.

Kí ni ìṣirò rẹ̀ sọ?

Ìbéèrè náà ti pẹ́: bí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ bá ń pàdánù, kí ló dé tí irú wọn kò tíì run?

Price pín ìdáhùn sí méjì: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín agbo sí agbo.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ọmọ máa ń jọ òbí. Agbo kìíní ní ọ̀làwọ́ 8 àti ahun 2. Agbo kejì ní ọ̀làwọ́ 2 àti ahun 8.

Nínú agbo kìíní tí ìrànlọ́wọ́ pọ̀ sí, ọ̀làwọ́ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ 4, ahun bí 5. Nínú agbo kejì, ọ̀làwọ́ bí 1, ahun bí 2.

Ahun ló jèrè jù nínú agbo méjèèjì. Àmọ́ ẹ ka gbogbo ọmọ pọ̀: ọ̀làwọ́ tó jẹ́ 10 nínú 20 ti di 34 nínú 60. Wọ́n ti lé ní ìdajì, torí agbo tí wọ́n pọ̀ sí ló bímọ jù.

Ṣùgbọ́n bí iye ọ̀làwọ́ bá dọ́gba nínú agbo méjèèjì, ahun ni yóò borí. Ìyàtọ̀ láàárín agbo ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ìwé ìròyìn Nature gbé ìṣirò náà jáde lọ́dún 1970. Lọ́dún 1972, Price fi hàn bó ṣe kan ọ̀rọ̀ agbo.

Báwo ló ṣe parí?

Lọ́dún 1970 kan náà ló di Kristẹni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìnílé ní owó àti aṣọ rẹ̀, ó sì gbà wọ́n sílé, títí òun náà fi di aláìnílé.

Ní oṣù Kínní ọdún 1975, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní London. Àwọn onímọ̀ W. D. Hamilton àti John Maynard Smith wà lára ìwọ̀nba èèyàn tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Lọ́dún yẹn gan-an ni Hamilton fi ìṣirò Price kọ̀wé lórí bí agbo ṣe ń mú kí ìrànlọ́wọ́ gbilẹ̀. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń lò ó.