Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé: Ẹni tó mú àyẹ̀wò ìmọ́tótó wọ ilé-ìwé Èkó

Gbogbo wa la mọ wolé-wolé, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, tí wọ́n fi ń yẹ ìmọ́tótó ilé-ìwé wò déédéé. A mú ìtàn rẹ̀ wá fún ẹ̀yin òbí nítorí pé ohun tó dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì kàn wá lónìí.

Ọdún 1892 ni wọ́n bí i. Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní Èkó ní 1909, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1913, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ó sì parí rẹ̀ ní 1918. Nígbà tó padà dé, Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ ń tọ́jú aláìsàn. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí Glasgow lọ kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo ìlera odidi ìlú. Ní 1922, ìjọba fi í ṣe igbákejì dókítà tó ń bójú tó ìlera Èkó. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó dé ipò náà ṣáájú rẹ̀.

Kò tí ì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wàhálà dé. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí 1930. Kòkòrò kéékèèké tó ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ló ń bu ènìyàn jẹ, tó sì ń kó àrùn náà ràn án. Ibi tí ilé bá ti fún pọ̀, tí àkìtàn wà lẹ́yìnkùlé, tí oúnjẹ kò ní ìdérí, ibẹ̀ ni eku ń fẹ́. Àwọn oògùn tí a fi ń wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ lónìí kò tí ì sí nígbà náà. Kí àrùn má wọlé rárá ni ààbò tó dájú jù.

Inú ìṣòro yìí ni Olúwọlé wà tó fi bẹ̀rẹ̀ ètò ilé-ìwé ní 1925. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ọmọ agboolé mélòó kan ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Àrùn tí ọ̀kan bá gbé wá láàárọ̀, àwọn yòókù lè gbé e relé lọ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ṣáláńgá, omi mímu, àyíká àti yàrá tí wọ́n kó wọn sí. Wọ́n tún ń fún àwọn ọmọ ní àjẹsára. Àkókò náà gan-an ni àwọn Mùsùlùmí Èkó ń gbìyànjú kí ọmọ wọn lè kàwé. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹnì kan ò lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. Olúwọlé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Àwọn ará ìlú bẹ̀rù wolé-wolé, nítorí ó lè gbé onílé tó dọ̀tí lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wo ìdọ̀tí yìí ló ń ṣọ́ ọmọ ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní 1936, Olúwọlé di olórí pátápátá fún ìlera Èkó. Ó kú ní 1953.

Ẹ̀yin òbí, a máa ń béèrè iye owó ilé-ìwé, a sì máa ń béèrè bóyá ọmọ ń gba ipò kìn-ín-ní. Mélòó nínú wa ló ti wo ṣáláńgá ibẹ̀ rí? Ilé kéú tí a ń rán wọn lọ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti ń mu omi? Àwa tí a kì í kírun láìṣe àlùwàlá kò yẹ kí a fi ọmọ wa síbi tí kò ti sí omi láti fọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́hun máa bá wa ṣọ́ wọn.