Ximenes, Adájọ́ Àlọ́ Inú Ìwé Ìròyìn

Àlọ́ o! Ààlọ̀!

Àwa olóòtú ìwé yìí jẹ yín ní gbèsè kan. Ìtàn ìgbésí ayé tí a fẹ́ sọ yìí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ẹ ó rántí ìdíje àlọ́ tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní Utako, lápá ibi tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn àti Èkó ti ń gbéra. Àwa ni a ya àpótí onílé dúdú àti funfun, bíi ti crossword inú ìwé ìròyìn. Àwa náà ni a fi Yorùbá kọ àwọn àlọ́ rẹ̀, àwa kan náà ni a sì jókòó ṣe adájọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ náà béèrè ohun tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sí oko, lẹ́tà mẹ́ta. Ọkọ́ ni ó wà lọ́kàn wa. Àwọn kan kọ ọkọ́, àwọn mìíràn kọ àdá. A fún àwọn tó kọ ọkọ́ ní máàkì, a sì fa igi lé ìdáhùn àwọn tó kọ àdá. Nígbà tí wọ́n bi wá léèrè ìdí rẹ̀, ohun tí a rí sọ kò ju pé bẹ́ẹ̀ ni a ti pinnu. Inú bí wọn, wọ́n sì jàre. Àgbẹ̀ wo ni kì í gbé àdá re oko?

Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ó mú wa lọ wádìí ẹni tí ó ti jókòó lórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn tó fìdí rẹmi níwájú rẹ̀ sì tún ń padà wá. Derrick Somerset Macnutt ni orúkọ rẹ̀. Ximenes ni àwọn òǹkàwé mọ̀ ọ́n sí.

Ta Ni Macnutt?

Ọdún 1902 ni wọ́n bí Macnutt. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Marlborough, ó sì tẹ̀ síwájú lọ sí Jesus College ní Yunifásítì Cambridge, níbi tí ó ti kọ́ nípa èdè Látìn àti èdè Gíríìkì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yàn láàyò. Christ's Hospital, nítòsí ìlú Horsham, ni ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní èdè méjèèjì. Kí orúkọ náà má tan ẹnikẹ́ni jẹ o: kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1552 ni, ọdún 1902 tí wọ́n bí Macnutt gan-an ni ó sì kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Horsham.

Ẹni tí ó bá kọ́ Látìn rí mọ̀ pé èdè náà kò gba àìbìkítà. Lẹ́tà kan péré ní ìparí ọ̀rọ̀ lè sọ ẹni tí ó na ènìyàn di ẹni tí wọ́n nà. Ẹni tí ó ń yẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò lójoojúmọ́ kò ní fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kankan. Ojú yìí ni Macnutt gbé wọ inú eré crossword.

Eré Náà Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913, ni Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé àkọ́kọ́ irú eré yìí jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. Ìbéèrè lásán ni nígbà náà. Wọn á sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, òǹkàwé á wá ọ̀rọ̀ náà rí, á sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ilé tirẹ̀. Nígbà tí eré náà sọdá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ ọ́ di àlọ́.

Ọ̀gá nídìí rẹ̀ ni Edward Powys Mathers, akéwì àti atúmọ̀ èdè tí a bí ní ọdún 1892. Láti ọdún 1926 ni ó ti ń pàlọ́ nínú The Observer, ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú ti Lọ́ńdọ̀nù. Torquemada ni ó pe ara rẹ̀. Torquemada gidi jẹ́ àlùfáà ilẹ̀ Sípéènì láyé àtijọ́, olórí ilé ẹjọ́ ìjọ tí ń fìyà jẹ àwọn tí wọ́n bá fura sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Àwàdà ni Mathers fi orúkọ náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé rẹ̀ jìyà díẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà mìíràn, inú ìwé tí òun ti kà ni kọ́kọ́rọ́ àlọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí kò bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ á kàn máa họrí ni.

Mathers kú ní ọdún 1939. Macnutt wà lára àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà tí ó sì yá, òun ni ó kù nídìí rẹ̀. Òun náà wá orúkọ olórí ilé ẹjọ́ Sípéènì kan náà: Kádínà Ximenes. Orúkọ oníyà tún ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé dé kì í ṣe ìyà. Òfin ni.

Òfin Ximenes

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ronú kan òfin náà. Olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ A. F. Ritchie, tí ó ń pàlọ́ nínú ìwé ìròyìn The Listener. Afrit ni ó pe ara rẹ̀, orúkọ irú ànjọ̀nnú kan nínú ìtàn àwọn Lárúbáwá. Nínú ìwé rẹ̀ Armchair Crosswords tí ó jáde ní ọdún 1949, Afrit fi lélẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó hàn lẹ́nu apàlọ́ má jẹ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Ximenes gba èyí, ó sì fi ṣe òpó ilé.

Bí ó ti rí nìyí. Àlọ́ tó péye ní ọ̀nà méjì tó já sí ìdáhùn kan ṣoṣo. Ọ̀nà kìíní ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì ni bí a ṣe to ọ̀rọ̀ náà tàbí bí ó ṣe dún. Bí ọ̀nà kan bá ṣókùnkùn, èkejì á tàn án. Kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan nínú àlọ́ náà tí kò níṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá gbìyànjú rẹ̀ wò. Ká ní a pa á báyìí: Nínú ṣe wéréwéré ni ohun tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ wà, lẹ́tà mẹ́ta. Ó jọ ẹni tí ń lé ọmọ-iṣẹ́ ní bùkátéríà. Ṣùgbọ́n ẹ mú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú ṣe, kí ẹ fi méjì tó bẹ̀rẹ̀ wéréwéré tì í. Ewé ni. Àmì ohùn rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ pé. Ẹ tún gbọ́ òmíràn: Inú rẹ̀ ni igba náírà máa ń wọ̀, igba náírà náà sì ni. Àpò ni. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó bá rí ìdáhùn kò ní láti wá bi wá bóyá òun gbà á. Àlọ́ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún un.

Ẹ wá fi àlọ́ ọkọ́ tiwa wé e. Ọ̀nà kan ni a là, ọ̀nà náà sì já sí oko méjì.

Bí Ó Ṣe Ń Dájọ́

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ wa jù lọ nìyí. Ximenes kò fi ìdíje rẹ̀ mọ sórí jíjá àlọ́. Á yan ọ̀rọ̀ kan, á sì ní kí olúkúlùkù òǹkàwé pa àlọ́ tirẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọgọ́ọ̀rọ̀ àlọ́! Òun nìkan ni yóò jókòó kà wọ́n. Á mú ẹni kìíní, ìkejì àti ìkẹta, á sì tún to orúkọ àwọn tí wọ́n gbìyànjú tẹ̀ lé wọn.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ń tẹ ìwé pélébé kan jáde fún àwọn olùdíje, nínú èyí tí àwọn àlọ́ tó borí wà. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń ṣàlàyé ohun tó dára lára wọn, àti ohun tí ó gbé àwọn mìíràn ṣubú: èyí ní ọ̀rọ̀ kan tó lé, tọ̀hún ní ìtumọ̀ tí kò ṣe rẹ́gí, òmíràn dùn létí ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tí ó kùnà lónìí á ka ìdí rẹ̀, á sì mọ ibi tí yóò tún ṣe kí ìdíje mìíràn tó dé. Báyìí ni adájọ́ ṣe di olùkọ́, tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì kọjá ògiri Christ's Hospital.

Ẹgbẹ́ àwọn olùdíje yìí dàgbà débi pé orúkọ wọn wọ inú ìtàn àròsọ. Colin Dexter tí ó kọ àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Morse jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń díje nínú The Observer. Ara àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti mú orúkọ Morse àti orúkọ Lewis, igbákejì rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ọdún 1966, Ximenes kó òfin rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, Ximenes on the Art of the Crossword. Ní ọdún 1971 ni ó kú. Jonathan Crowther ni ó gba ipò náà ní ọdún 1972. Òun pe ara rẹ̀ ní Azed, èyí tí í ṣe Deza, olórí mìíràn ní ilé ẹjọ́ Sípéènì, tí a kà láti ẹ̀yìn wá. Ó bá ìdíje náà lọ, ó sì tẹ ìwé pélébé náà jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ òfin náà. John Graham, tí ó fi orúkọ Araucaria pàlọ́ nínú The Guardian títí di ọdún 2013 tí ó kú, kò jẹ́ kí òfin dí òun lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkàwé rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan ní Ximenes le jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tẹ òfin lójú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, Ximenes ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i kà.

Ẹ̀kọ́ Tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré òyìnbó lásán ni a ń rò. Àwọn baba wa fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí olólùfẹ́, nítorí ẹ̀fà ni, ọkàn sì ń fà. Ẹni tí ó gbà á fi mẹ́jọ dáhùn, nítorí ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wọn sì jọ. Iye rẹ̀ ni ọ̀nà kan, ìró rẹ̀ ni ọ̀nà kejì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn.

Èdè wa tilẹ̀ fún wa ní ohun tí Ximenes kò ní: àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà, a ti tún àlọ́ wa pa: Aya ní in kí ó tó gbé àmì òkè sórí, àgbẹ̀ wá gbé e re oko. Ẹ gbé àdá síbẹ̀ kí a rí i bóyá ó wọlé!

Gbèsè tó kù rè é. Gbogbo ẹni tí ó kọ àdá ti gba máàkì rẹ̀, ẹ sì dárí jì wá. Fún ìdíje tó ń bọ̀, ìlù ni ọ̀rọ̀ tí a yàn. Kí olúkúlùkù pa àlọ́ tirẹ̀ lé e, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Bí a bá mú ẹni kìíní, a ó lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tí a kò bá mú yóò sì ka ìdí tirẹ̀ náà níbẹ̀. Bí a bá tún ṣe ojúsàájú, ẹ fa igi lé orúkọ wa.

Àlọ́ wa di ọwọ́ yín. Ire o.