Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì: Láti ìdí ìwé kíkà dé ààfin Aláké

Ní ọdún 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ mọ̀wéékà, ó sì tọ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjà tó mi ààfin Aláké ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ ń darí nígbà náà, Abẹ́òkúta Ladies' Club, kì í ṣe ẹgbẹ́ oníjà. Àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé ló pọ̀ níbẹ̀. Aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Òun náà kúkú jẹ́ ẹni ńlá. Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900 ni wọ́n bí i sí ìdílé Thomas. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ó kàwé ní ìlú Òyìnbó láti 1919 sí 1922, ó sì fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ní 1925. Ká ní ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé, ta ni ìbá dá a lẹ́bi?

Ẹgbẹ́ náà ṣí kíláàsì fún àwọn ọlọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń kàwé ni wọ́n ń tú ohun tó wà nínú wọn jáde. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Fúnmiláyọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kó tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, sùúrù tí ọ̀pọ̀ aṣáájú ìlú kì í ní. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé ìròyìn ní 1945, ìrẹsì gbígbà sì dópin.

Ní 1946, ẹgbẹ́ yí orúkọ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union, àwọn ọlọ́jà sì di èrò púpọ̀ nínú rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá bíi tiwọn. Bó bá wà níwájú àwọn aláṣẹ Òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ, kí àwọn tó tẹ̀ lé e lè gbọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ni kó wá ògbufọ̀.

Owó orí ló ká wọn lára jù. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san án. Ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní 16, àwọn agbowó-orí a sì máa tú ọmọbìnrin síhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ títí, kò sí èsì gidi. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn láṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní ìgbafẹ́ làwọn ń lọ. Nínú ọgbà Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọn yóò ṣe kojú tajútajú tí ọlọ́pàá bá yìn ín. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 jókòó ti ààfin, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú.

Wọ́n yọ owó orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin, Fúnmiláyọ̀ pẹ̀lú, sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Àmọ́ Aláké padà sórí àpèrè ní ìparí 1950, nítorí kì í ṣe gbogbo Ẹ̀gbá ni inú wọn dùn sí lílọ rẹ̀.

Ní 1970, Soviet Union fi ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin dá Fúnmiláyọ̀ lọ́lá. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí, nínú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà ìsìnkú náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ìlú ti ìsọ̀ wọn, wọn kò tajà.